Tíṣà tó mọṣẹ́, báwo lẹ ṣe ń dá a mọ̀? Èsì WAEC nìkan ni wọ́n fi díwọ̀n mi

ÌyáTíṣà_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí ṣùgbọ́n mi ò kọ ǹkan kan rí, èyí ló ká mi lára tí mo fi ní kí n bọ́ síta. Tíṣà ìṣirò ni mí nílé ìwé girama ìjọba kan nípìnlẹ̀ Ògùn, ọdún 14 rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì, wọ́n na fọ́ọ̀mù APER sí mi pé kí n wá sáìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba mọ fọ́ọ̀mù yẹn, ọdọọdún là ń kọ ọ́, èèyàn á kọ iṣẹ́ tó ṣe síbi tiẹ̀, ọ̀gá á wá fún un ní máàkì, ibẹ̀ sì ni wọ́n á wò tí promóṣọ̀n bá dé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti bèèrè bóyá mò ń tètè dé, bóyá mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá, bóyá mò ń múra dáadáa, wọ́n fún mi ní máàkì tó jọjú. Ibi tí wọ́n ti bèèrè iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti já mi kulẹ̀. Mo bèèrè ìdí ẹ̀, wọ́n ní nínú ọmọ 61 tí mo mú wọ WAEC, 19 péré ló ní kirẹ́díìtì nínú ìṣirò, pé ẹni tó ń kọ́ wọn ní Civic, ọmọ tó ṣubú lọ́wọ́ tiẹ̀ ò pé márùn-ún.

Mi ò bínú sí ọ̀gá, àwọn náà ní ẹni tó ń bi wọ́n. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó bèèrè ibi táwọn ọmọ yìí wà lọ́jọ́ tí wọ́n kó wọn fún mi. SS1 ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo fún wọn nídàánwò kékeré, mo kọ 3/4 àti 2/3 sójú bóòdù pé kí wọ́n rò ó pọ̀. Nínú bíi 70 ọmọ, mẹ́jọ ló gbà á. Àwọn yòókù ro tòkè mọ́ tòkè, wọ́n ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀, wọ́n kọ 5/7 sílẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀. Ọmọ SS1 o! Skíìmù ní kí n bẹ̀rẹ̀ logarithm, èmi ń kọ́ wọn ní ìdá, lẹ́yìn kíláàsì, láago méjì ọ̀sán, nígbà tébi ti ń pa èmi àtàwọn. Kò síbì kankan nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí mo lè kọ ìyẹn sí.

Ǹkan míì ni pé nínú ọdún 14 yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré lẹnìkan ti wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi láti wo bí mo ṣe ń kọ́ ọmọ, ọ̀kan nínú ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀sìn nóòtì mi ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á sáìn ín, wọ́n á fi stáńpù tẹ̀ ẹ́, ó tán.

Ọ̀gá ní mo láàyè láti kọ ọ̀rọ̀ tèmi mọ́ fọ́ọ̀mù kí n tó sáìn, pé kí n mú un wá ní Jímọ̀. Kí ni kí n kọ? Báwo ló tiẹ̀ ṣe yẹ kí wọ́n máa díwọ̀n tíṣà? Ẹ má kàn kí mi kú ìrọ́jú o, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún mi, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun.

BàbáÌńsípẹ́kítọ̀ kọ:

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú ìfaradà. Iṣẹ́ tó ò ń sọ yìí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, èmi ni wọ́n ń rán lọ sáwọn ilé ìwé láti lọ wo tíṣà, torí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò fún ẹ.

Mi kì í kọ́kọ́ gba lẹ́ẹ̀sìn nóòtì. Èèyàn lè da nóòtì ọdún méjì sẹ́yìn kọ kó kàn yí déètì padà, mo rí i tí kò lóǹkà. Ìwé àwọn ọmọ ni mo máa ń gbà. Màá mú ti ọmọ tó mọ̀wé jù, màá mú ti ọmọ tó jókòó sídìí wíńdò lẹ́yìn tí kò fẹ́ kí n rí òun, màá tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ṣé tíṣà máàkì méjèèjì? Ibi tọ́mọ ti ṣì í, ṣé ó kàn fa pupa síbẹ̀ ni àbí ó kọ ohun tó yẹ kó jẹ́? Ọmọ náà ńkọ́, ṣé ó tún un ṣe? Ìwé ọmọ ò mọ irọ́ í pa.

Lẹ́yìn ìyẹn màá jókòó sẹ́yìn, kì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá o, láti ìgbà tí aago bá lù títí tó fi máa tún lù. Tí tíṣà bá bèèrè ìbéèrè, màá wo ẹni tó pè. Òmíì á máa pe ọmọ mẹ́ta kan náà níwájú látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo kíláàsì á máa dáhùn "Yes sir" bí ẹni ń ṣe àmín, wàá rò pé wọ́n ti gbọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, níbì kan ní Òkè Ògùn, mo wọ irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, ariwo "Yes sir" gba gbogbo ilé, ni mo bá dìde, mo bi ọmọ mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kò séyìí tó lè sọ gbólóhùn kan. Bẹ́ẹ̀ nóòtì tíṣà yẹn ò lẹ́gbẹ́, ó tẹ́ rúlà sábẹ́ gbogbo àkọlé.

Lẹ́yìn náà èmi àti tíṣà á jókòó, a ó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀, ìyẹn náà ló sì kọ́kọ́ kú. Nígbà tó yá ilé ìwé pọ̀ ju àwa lọ, mọ́tò ò sí, owó epo ò sí, a ó lo wákàtí kan nílé ìwé tó yẹ ká lo ọjọ́ méjì. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: àwọn kan nínú wa ń jẹ ìrẹsì àti adìẹ lọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n á sì kọ rípọ́ọ̀tù láì wọ kíláàsì kankan. Mo rí i, ó sì ń dùn mí dòní.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí táwọn tíṣà ò ní fẹ́. Ó yẹ ká máa wò bóyá tíṣà fúnra ẹ̀ mọ ohun tó ń kọ́. Ní Kwara lọ́dún 2008, wọ́n dán tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 19,125 wò, àwọn 75 péré ló dé ojú ìwọ̀n. Ṣé ẹ gbọ́ iye yẹn? Ní Kaduna lọ́dún 2017, ìdánwò ọmọ praimárì kẹrin ni wọ́n fún tíṣà bíi 33,000, àwọn 21,780 ò gba máàkì 75 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fẹ́. Ní Èkìtì lọ́dún 2012, nígbà tí Fayemi jẹ́ gómìnà, ìjọba fẹ́ ṣe ìdánwò fún tíṣà, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ibi tó yẹ káwọn ti ran tíṣà lọ́wọ́, àwọn tíṣà kọ̀, wọn ò jókòó ṣe é. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Ẹni tí wọn ò ràn lọ́wọ́ rí, tó bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dán òun wò, ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ lé òun. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ta ló máa gbà á sílẹ̀?

MàmáDèjì kọ:

Ẹ má bínú o Àǹtí Tíṣà, mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, àánú yín sì ṣe mí, ṣùgbọ́n òbí ni mí, ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Ibi tọ́mọ mi ti bẹ̀rẹ̀ ò ṣe é gbé lọ sí yunifásítì. Kirẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì sì ń fẹ́ kí ìṣirò wà níbẹ̀, wọn ò ní bi í pé ṣé ó ti sún láti F9 dé E8. Tẹ́ ẹ bá ní ká má wo èsì, kí làwa òbí fẹ́ wò? Nílé ìwé ìjọba tọ́mọ mi ti kúrò, tíṣà kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà kì í wá, ó ń ta aṣọ. Ta ló fún un ní máàkì kékeré? Kò sẹ́nì kankan.

ỌmọÌbàdàn_Atlanta kọ:

MàmáDèjì, ọ̀rọ̀ yín lójú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú tí mò ń gbé, kẹ́ ẹ rí ibi tí èsì nìkan lè gbé èèyàn dé.

Nílé ìwé ìjọba l'Atlanta níbí, èsì ìdánwò CRCT táwọn ọmọ ń ṣe nígbà yẹn ni wọ́n fi ń wo tíṣà àti prínsípà, tí èsì bá gòkè wọ́n á gba bónọ́ọ̀sì, tí ò bá gòkè iṣẹ́ lè bọ́. Ọdọọdún ni máàkì ń gòkè. Ọ̀gá àgbà wọn, Beverly Hall, wọ́n tiẹ̀ fún un lámì ẹ̀yẹ pé òun ló dáa jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Àṣé àwọn tíṣà ló ń mú ìrésà, tí wọ́n ń pa ìdáhùn táwọn ọmọ ṣì rẹ́, wọ́n ń ṣéèdì èyí tó tọ̀nà. Nígbà tí ìpínlẹ̀ Georgia gbé ìwádìí wọn jáde ní July 2011, tíṣà àti prínsípà 178 ni wọ́n dárúkọ, ní ilé ìwé 44. Ní April 2015 ilé ẹjọ́ dá 11 lẹ́bi, òfin tí wọ́n fi ń mú àwọn jàǹdùkú ẹlẹ́gbẹ́ ni wọ́n fi mú wọn. Beverly Hall ti kú lóṣù tó ṣáájú, àìsàn ò jẹ́ kó dúró níwájú adájọ́.

Èyí tó máa ń gún mi lọ́kàn nínú ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ. Ọmọ tí ò lè kàwé, wọ́n ti fún un ní máàkì ọmọ tó lè kàwé, torí náà kò sẹ́ni tó máa fún un ní ẹ̀kọ́ àfikún, wọ́n á ní ó ti mọ̀ ọ́n. Púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó jẹ́ pé ilé ìwé yẹn nìkan ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin nílé, ṣé ẹ ò rí i pé "special centre" náà ni? Ilé ìwé tó kọ 100% sára bánà, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi WAEC nìkan wò wọ́n, àwọn ló máa gbégbá orókè. Àǹtí Tíṣà wa tó jẹ́ káwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ọ́, òun lá á gbẹ́yìn.

TíṣàPeckham kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Ọdún kẹsàn-án mi rèé tí mò ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé ìwé girama ní London, mo ti kọ́ ní Ṣàgámù kí n tó dé bí, torí náà mo mọ ibi méjèèjì.

Àwọn tó ń bẹ ilé ìwé wò níbí ń jẹ́ Ofsted. Tẹ́lẹ̀ wọ́n á wọ kíláàsì, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á sì fún ẹ̀kọ́ yẹn ní máàkì, 1 dé 4. Nígbà tó yá wọ́n rí i pé ẹni méjì lè jókòó sínú kíláàsì kan náà kí wọ́n fún un ní máàkì tó yàtọ̀ síra, 2014 ni wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Ilé ìwé lódindi náà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún un, ó dáa, kò dáa. Ìyẹn náà kó wọn sí wàhálà, ọ̀gá ilé ìwé kan nílùú Reading, Ruth Perry, kú ní January 2023, ẹni tó wádìí ikú ẹ̀ nílé ẹjọ́ sọ pé àbẹ̀wò Ofsted wà lára ohun tó fà á. Láti September 2024 wọ́n ti yọ orúkọ kan ṣoṣo yẹn kúrò. Owó oṣù náà, 2013 ni wọ́n ní kí ilé ìwé máa fi iṣẹ́ tíṣà pinnu àlékún, September 2024 kan náà ni wọ́n ní kì í ṣe dandan mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Progress 8, 2016 ló bẹ̀rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń bèèrè yẹn gan-an ni. Wọ́n á wo ohun tọ́mọ gbà nígbà tó ń parí praimárì, wọ́n á wo ohun tó gbà ní GCSE, tó dà bíi WAEC tiwọn, lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n á wá fi í wé àwọn ọmọ káàkiri England tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ níbì kan náà. Ọmọ tó wọlé tòun ti máàkì kékeré, tó wá jáde ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, àǹfààní ni fún ilé ìwé yẹn. Ilé ìwé ni wọ́n fi ń wò o, kì í ṣe tíṣà kan, ó sì ní àlébù tiẹ̀, ilé ìwé táwọn òbí ti rọ́wọ́ họrí sábà máa ń yọ ju ti adúgbò àwọn tálákà lọ. Àwọn ọmọ tí ò ṣe ìdánwò praimárì ní 2020 àti 2021 nítorí kòrónà, wọn ò lè ṣe é fún wọn rárá, torí kò síbi tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n.

Ìdánwò 3/4 àti 2/3 tẹ́ ẹ fún wọn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, àǹtí, ṣé ẹ ṣì ní in lọ́wọ́? Ẹ wá a o.

Olùkọ́Poli kọ:

Àwa tá à ń kọ́ ní pólì, ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà wò wá. Ìpàdé àti ìwé tá a tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà jù fún promóṣọ̀n, ìkọ́ni gan-an, fọ́ọ̀mù làwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ nípa wa níparí sẹ̀mẹ́sítà, ó tán síbẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n má bi akẹ́kọ̀ọ́ o. Ta ló mọ̀ ju ẹni tó jókòó sínú kíláàsì lọ pé lékíṣọ́rà ò wá, àbí pé ó ń fipá ta ìwé pẹlẹbẹ fún wọn, àbí pé ohùn ẹ̀ ò dé ẹ̀yìn? Ìyẹn ni kí wọ́n bi wọ́n. Ṣùgbọ́n bóyá ohun tí mò ń kọ́ wọn pé, ọmọ ND1 ò tíì lè mọ ìyẹn. Ẹni tó ń fúnni ní máàkì ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ràn.

Ní North Carolina State University, wọ́n gbìyànjú ǹkan kan nínú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ orúkọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Àwọn tó rò pé ọkùnrin ló ń kọ́ wọn fún olùkọ́ wọn ní máàkì tó ga ju àwọn tó rò pé obìnrin ni. Lọ́dún 2018, aláàárín tó gbọ́ ẹjọ́ láàárín yunifásítì Ryerson ní Toronto (Toronto Metropolitan ló ń jẹ́ báyìí) àtàwọn olùkọ́ ibẹ̀ sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù akẹ́kọ̀ọ́ díwọ̀n bóyá olùkọ́ mọ ìkọ́ni nígbà promóṣọ̀n.

Ohun témi ń ṣe ni pé láàárín sẹ̀mẹ́sítà, lọ́sẹ̀ karùn-ún, màá fún wọn ní bébà kékeré, kí wọ́n má kọ orúkọ, kí wọ́n sọ ohun tí ò yé wọn àtohun tí mò ń ṣe tó ń dí wọn lọ́wọ́. Ọdún tó kọjá bíi ogójì ọmọ kọ ọ́ pé mò ń bá bóòdù sọ̀rọ̀, pé mo máa ń kọ̀yìn sáwọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Mo ti ń kọjú sí wọn báyìí.

Lórí WAEC, ẹ rántí August 2025 o. Wọ́n kọ́kọ́ ní 38.32% àwọn ọmọ ló ní kirẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, gbogbo ayé pariwo, wọ́n ń bú tíṣà lórí rédíò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ní àṣìṣe wà nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe máàkì àwọn ìbéèrè tí wọ́n yí nọ́ńbà ẹ̀ padà, ni iye yẹn bá di 62.96%. Ká ní wọ́n ti fi 38 yẹn kọ APER èèyàn ńkọ́?

MàmáDèjì kọ:

Ha, mo rántí o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sunkún tó fẹ́ẹ̀ dákú, ó wá padà ní C5. Ó dáa, mo gbà pé èsì nìkan ò tó. Ṣùgbọ́n Bàbá, tíṣà aláṣọ yẹn ńkọ́, báwo lẹ ṣe máa mú un?

BàbáÌńsípẹ́kítọ̀ kọ:

Ìwé àwọn ọmọ lá á mú un, ìyá Dèjì. Ọjọ́ ọjà, òfìfo ni ojú ìwé á máa jẹ́ láàárín àwọn déètì. Ẹ kàn ṣí ìwé Dèjì yín wò lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ ka iye ìgbà tí wọ́n kọ ìṣirò láàárín ọ̀sẹ̀ àti iye tí wọ́n máàkì. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé tí òbí mẹ́wàá bá gbé ìwé dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gá á wọ kíláàsì lọ́jọ́ kejì.

ÌyáTíṣà_Ẹ̀gbá kọ:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, Bàbá, ẹ ṣé sà. Tíṣà Peckham, mo wá a. Alẹ́ àná ni mo tú gbogbo páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ mi ń bi mí pé kí ni mò ń wá, mo rí bébà ìdánwò ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, àwọn èkúté ti jẹ etí ẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n 54 ṣì pé níbẹ̀, orúkọ hàn. Mo wá mú èsì WAEC, mo kọ ọ́ síra lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn 19 tó ní kirẹ́díìtì, 12 ló kọ 5/7 lọ́jọ́ yẹn. Méjìlá! Èmi fúnra mi ò mọ̀. Mo sì rí ohun tí mi ò fẹ́ rí: nínú àwọn mẹ́jọ tó gbà á nígbà yẹn, méjì ló gba D7. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mi ò wò wọ́n mọ́, àwọn tó ń tiraka ni mo gbájú mọ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ti ṣe fótókópì bébà mẹ́fà mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé kí ọ̀gá jọ̀ọ́ wá jókòó sí kíláàsì mi, SS2 tuntun, píríọ́dù kẹta lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí wọ́n sì gba ìwé àwọn ọmọ, kì í ṣe nóòtì mi. Wọ́n kà á lójú mi láàárọ̀ yìí, wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn máa wá. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá àga tó dáa sẹ́yìn.